Ta Ló Ń Rìn Lókè Ilé? Ìtàn Iwin Nínú Àwọn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́ ní Èjìgbò

Ọmọdé tí wọ́n bá rán níṣẹ́ lálẹ́ ní àdúgbò kan láàárín ìlú Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọ̀nà méjì tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì. Ọ̀nà tó yá gba iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àgádágodo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀nà kejì yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó gba ẹ̀bá ààtàn, ajá kan sì wà níbẹ̀ tí kì í fojúure wo ẹni tó bá ń kọjá. Ọ̀nà ààtàn ni àwọn ọmọ ń gbà.

Lọ́sàn-án, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani lára ilé náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Orí àwọn fèrèsé rẹ̀ rí róbótó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kọjú sí títì, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sì wà lára àwọn òpó rẹ̀ síbẹ̀. Páànù ti dípẹtà, pákó fèrèsé méjì ti já. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró wò ó fínnífínní á rí i pé owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bíríkìlà tó bá a kọ́ ọ sì mọṣẹ́.

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni ọ̀rọ̀ ń di òmíràn. “Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀,” ni ìyá oníbúrẹ́dì wí. “Tó bá ti ń lọ sí bíi aago mẹ́jọ, wọ́n á rìn láti yàrá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún padà. Baba onílé ni. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn ń wò ó bóyá àwọn ọmọ wọn ti dé ni.”

Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan ní ìtàn tirẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan gbé obìnrin aláṣọ funfun láti gáréèjì lóru, obìnrin náà ní kí ó já òun sílẹ̀ níwájú ilé yẹn, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa fi yíjú padà láti gba owó, kò rí ẹnì kankan. Ìtàn yìí wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó, kò sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò lóru tí kò sí. Wọ́n gbé e wá sí Èjìgbò ni. Ti ìyá oníbúrẹ́dì ló yẹ kí á tẹ́tí sí, nítorí pé ilé yẹn gan-an ló bí i, ẹni tó sọ ọ́ sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Owó tó kọ́ ilé náà

Àgbádárìgì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ, ọdún 1845 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti ṣẹrú ní Brazil àti Cuba kí wọ́n tó padà wálé, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún wọ Èkó: òpó oníṣẹ́ ọnà, fèrèsé olórí róbótó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Òṣogbo ní 1907, sìmẹ́ǹtì àti páànù bá a dé. Owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Reluwé kò gba Èjìgbò. Owó tirẹ̀ bá ọ̀nà mìíràn wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣèjọba níbẹ̀, tí wọ́n sì ń la ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1904. Ẹnìkan á lọ, á mú àbúrò rẹ̀ lọ, àbúrò á mú ìyàwó, ìyàwó á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tó ń lọ sí Abidjan tààrà. Èèyàn ń gbọ́ Faransé lọ́jà, owó sẹ́fà kò sì ṣàjèjì lọ́wọ́ àwọn ìyá aláte.

“Ẹni tó bá rí ṣe lọ́hùn-ún, ilé ló kọ́kọ́ máa ń kọ́ sílé,” ni olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìntì wí. “Kì í ṣe pé ó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ kí ìlú mọ̀ pé òun kò sọnù. Ó fẹ́ darúgbó síbẹ̀. Ó sì fẹ́ kí wọ́n sin òun síbẹ̀.”

Ọ̀pọ̀ kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Treichville tàbí Adjamé ní Abidjan títí ọjọ́ fi lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kàwé ní Faransé, wọ́n fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, ọdún nìkan ló ń mú wọn wálé, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá fún ọdún. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àti rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, lé àwọn kan wálé lójijì pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Àwọn tó kù dúró ti ọjà wọn. Kọ́kọ́rọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ń bẹ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan nílé, òun náà ti ń darúgbó, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Igbó ni ibùgbé iwin

Ohun kan wà tí kò yẹ kí á gbójú fò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òkú inú ilé kò jẹ́ ohun ẹ̀rù fún àwọn baba wa. Inú ilé gan-an ni wọ́n ń sin àgbà sí. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, ẹnikẹ́ni tó bá sì dàgbà nínú agboolé ti mọ̀ ọ́n kí ó tó ka ìwé kankan. Ojú oórì baba wà nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi obì sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún baba pé ọmọ ń lọ sí ìrìn àjò, pé ìyàwó tuntun ti wọlé.

“Orí oórì baba wa àgbà la ti máa ń ta ayò,” ni baba kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wí fún mi. “Ìyá wa á gbé oúnjẹ kalẹ̀ síbẹ̀, a ó jẹun, a ó sùn. Ta ni yóò bẹ̀rù baba rẹ̀?”

Iwin ní ibùgbé tirẹ̀. Inú ìrókò, ẹ̀bá ọ̀gán, igbó tí ọdẹ nìkan lè wọ̀. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, igbó ló kó àwọn iwin inú ìtàn rẹ̀ sí. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe bákan náà nínú ìwé My Life in the Bush of Ghosts tó jáde ní 1954. Àkókò tí àwọn méjèèjì kọ̀wé yìí, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń dìde káàkiri, síbẹ̀ kò sí èyí tó kó ogunlọ́gọ̀ iwin rẹ̀ sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé jẹ́ ti àwọn alààyè àti àwọn òkú wọn.

Báwo ni iwin ṣe wá kúrò nínú igbó tó wọ ilé? Ìjọba amúnisìn wà lára ohun tó fà á. Wọ́n fi òfin de ìsìnkú sínú ilé ní Èkó, wọ́n ní ó ń fa àrùn, wọ́n sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún itẹ́ òkú. Lẹ́yìn náà ni wolé-wolé ń ká àwọn agboolé kiri láti wo ìmọ́tótó. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí náà ní itẹ́ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìyẹn kò sì bá òkú gbé rí. Òtítọ́ ni pé kò parẹ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń sin àgbà síwájú ilé, wọ́n sì ń lẹ táìlì sí i lórí. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo sàréè náà ti yàtọ̀.

Ìrìn àjò ni ohun kejì, òun ni mo sì gbà pé ó wúwo jù ní Èjìgbò. Nígbà tí ilé kún fún èèyàn, ìró ẹsẹ̀ lókè kò jẹ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ìyá, ó sì lè jẹ́ baba tó ti kú tó wá wo ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni á sì kí i kú àlẹ́. Ọjọ́ tí àwọn alààyè kó jáde tán ni ìró ẹsẹ̀ kan náà di ohun tó ń lé ọmọdé gba ẹ̀bá ààtàn.

Àkúdàáyà lójú ọ̀nà etíkun

Ọ̀nà Abidjan jìn. Èèyàn á la orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó wọ Côte d'Ivoire. Kí fóònù tó dé, ẹnu èrò ọkọ̀ ni ìròyìn ń gbà rìn. Ẹni tó kú nílé lónìí, ó lè pẹ́ púpọ̀ kí àwọn tó wà ní Treichville tó gbọ́. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnìkan lè búra pé òun bá a pàdé lọ́jà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá wá mú ìròyìn dé, tí wọ́n ka ọjọ́ padà, ara á bù wọ́n máṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àkúdàáyà ṣe gbilẹ̀ láàárín Èjìgbò àti Abidjan, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìtàn yẹn ṣe là á yé mi. Ìyá arúgbó kan tó ti ta aṣọ lọ́hùn-ún gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní tirẹ̀. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó ní ìyàwó, ọmọ àti ṣọ́ọ̀bù ní Abidjan, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ sì ti sin ín tipẹ́. Ní ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ kan láti ilé yà wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn jáde, wọn kò rí i mọ́. Mo bi í bóyá kì í ṣe gbèsè ló ń sá fún. Ó wò mí títí. “Ẹni tó ń sá fún gbèsè, ó máa ń kó owó inú dúrọ́ọ̀ dání,” ló wí.

Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gba ọ̀nà yìí ń kọjá lára àwọn ilé amúnisìn tí ìtàn òkú tiwọn ti di ọ̀rọ̀ àgbáyé. Ọ̀kan ni Grand-Bassam, tí kò jìnnà sí Abidjan. Ibẹ̀ ni àwọn Faransé fi ṣe olú ìlú Côte d'Ivoire ní 1893. Ní 1899, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ jà níbẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó ń gbé ìlú náà, ní 1900 wọ́n sì kó olú ìlú lọ sí Bingerville. Ilé ìjọba, ilé ẹjọ́ àti ilé àwọn oníṣòwò ń dá ṣófo lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, igi hù láàárín ògiri. Ìlú iwin ni àwọn àlejò ń pè é. Ní 2012, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Èkejì ni ilé olódi Cape Coast ní Gánà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1838, Letitia Elizabeth Landon, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní England, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, George Maclean, tó jẹ́ olórí àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, wọ́n bá a lókùú nínú yàrá rẹ̀, ìgò májèlé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni. Inú àgbàlá ilé olódi náà ni wọ́n sin ín sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì sin ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1847. Àwọn kan ní ó gbé májèlé jẹ ni, àwọn kan ní wọ́n fún un jẹ ni, àwọn mìíràn sì ń sọ pé òjìji rẹ̀ kò kúrò nínú ilé náà.

Mo káàánú obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí ni àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí wà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti jẹ̀rora kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn lọ. Àwọn tó kú síbẹ̀ kò ní òjìji tí ẹnikẹ́ni ń dárúkọ. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni ìtàn ń bá rìn. Gánà ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe díẹ̀: ní 1998, wọ́n gbé egungun ẹrú méjì padà wálé, Samuel Carson láti Amẹ́ríkà àti obìnrin kan tí wọ́n pè ní Crystal láti Jàmáíkà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ẹrú jáde ní Cape Coast ni wọ́n gbà gbé wọn wọlé, wọ́n sì sin wọ́n sí Assin Manso.

Èjìgbò náà ní irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Nínú àwọn ilé ìbọ̀rìṣà candomblé ní Bahia, ní Brazil, Eléjìgbò wà lára orúkọ tí wọ́n ń pe Òṣàgìyán, òrìṣà tí Èjìgbò ń bọ pẹ̀lú iyán àti àtòrì. Kò sí ẹni tó lè ka iye àwọn tó gbé orúkọ náà dé ibẹ̀ nínú ìdè. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ rántí tó báyẹn lẹ́yìn odi, ó yẹ kí ó lè rántí ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí àárín rẹ̀.

Ohun tí káfíńtà gbọ́

Káfíńtà kan tó ti tún òrùlé irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ṣe sọ fún mi pé òun náà gbọ́ ẹsẹ̀ lókè rí. Oòrùn máa ń gbóná mọ́ páànù láti àárọ̀, páànù á ràn, á máa fa ìṣó àti pákó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ alẹ́ bá fẹ́ sí i, á sún kì, pákó á sì máa dún lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìkángun kan dé èkejì. Ó ní ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á rò pé ẹnìkan ń rìn ni. Àdán wà nínú àjà, òwìwí wà lórí òpó, ológbò ń bímọ sínú yàrá òkè. Fèrèsé tó já ń gba atẹ́gùn wọlé, ilẹ̀kùn inú á sì ṣí, á tún tì.

Ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́ àlàyé yìí dópin. Kò bá káfíńtà jiyàn lórí páànù. Ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ páànù kò dí baba lọ́wọ́ láti wá wo ilé wọn. Ní tèmi, mo gbà pé káfíńtà mọ ohun tó ń dún, ìyá oníbúrẹ́dì sì mọ ẹni tí kò sí nílé. A nílò àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rù iwin ti ṣe ilé náà lóore kan: olè kò tíì yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ń ṣe pọ̀ ju oore lọ. Ayálégbé kò súnmọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí èèyàn kò gbé kì í pẹ́ wó. Agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ ní agbègbè Ọ̀ṣun sọ fún mi pé ìgbà mìíràn, mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ ta ilẹ̀ ni á máa tan ìròyìn náà kálẹ̀. Wọ́n á ní iwin wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi má baà fẹ́ wá gbé ibẹ̀. Wọ́n á pe wòlíì tàbí ààfáà wá, ẹni náà á ní àfi kí wọ́n wó o. Kí àwọn ọmọ tó gbọ́ ní Abidjan, wọ́n ti ń fa ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lójú ibẹ̀.

Òfin nìkan kò lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ní Èkó kan náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ti di Freedom Park láti 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀ ti di orí ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin lórí rẹ̀ lálẹ́. Bí ilé kan bá yẹ kí iwin gbé, ibẹ̀ ni. Èrò tó ń wọlé síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí bẹ̀rù.

Àwọn tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì ohun tó mọ̀ nípa baba onílé. Ó dárúkọ wọn, ó dárúkọ ìyàwó wọn méjèèjì, ó sọ ohun tí wọ́n tà ní Adjamé, ó sọ ẹni tó jẹ́ bíríkìlà wọn àti ìlú tó ti wá. Ó rántí ọjọ́ ìṣílé, màlúù tí wọ́n pa àti onílù tó wá. Kò sí ọmọ tàbí ọmọ ọmọ baba náà kankan tó ti wá béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba owó ìjọba láti bẹ̀rẹ̀. Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Èjìgbò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wà níbẹ̀. Fóònù tó ń ká ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀dọ́. Orúkọ ẹni tó kọ́ ilé, ọdún tó kọ́ ọ, iṣẹ́ tó ṣe, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ohun tí àwọn ará àdúgbò ní àwọn ń gbọ́ lálẹ́, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n má yọ ìtàn ẹsẹ̀ lókè kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé béèrè ẹni tó ni ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ baba náà, tó ń gbé ní Abidjan, bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Faransé. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun láti kékeré pé kí òun má sùn nínú ilé yẹn. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwọn ará àdúgbò ní baba rẹ̀ àgbà ń wò ó bóyá wọ́n ti dé, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè iye tí wọ́n ń ta páànù báyìí.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá káfíńtà. Ó yí ilé náà ká, ó tẹ ògiri wò, ó tún gun àtẹ̀gùn lọ yẹ àwọn igi àjà wò. Ó ní ìpìlẹ̀ dára, àwọn igi náà ṣì le, àfi méjì tí ikán ti jẹ. Igun ìwọ̀ oòrùn, níbi tí páànù ti ṣí, ni omi ti ń wọnú amọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi owó igun yẹn ránṣẹ́ ná,” ló wí. “Ògiri yẹn ò lè gba òjò ọdún méjì sí i.”